Ọkọ̀ Tíúbù Táyà: Bí Àwọn Ará Kúbà Ṣe Ń Fi Àlòkù Sọdá Òkun

(Ọ̀rọ̀ ohùn márùn-ún tí admin fi ránṣẹ́ lálẹ́ Sátidé. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn, àti fún àwọn tó ti ń sùn.)

OHÙN KÌN-ÍN-NÍ

Mo kí gbogbo wa ní Kánò níbí, mo kí àwọn ará wa ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Mínà, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kó lọ sí Àbújá ṣùgbọ́n tí ẹ ò kúrò nínú gúrúùpù. Sátidé ti pé, ìtàn wa ti dé.

Lọ́jọ́rú, ẹnì kan nínú wa fi fọ́tò kan síbí. Gbogbo wa la rí i: ọkọ̀ akẹ́rù aláwọ̀ ewé kan, Chevrolet àtijọ́, ó wà láàárín òkun, àwọn èèyàn jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fẹ́ẹ̀ kú. Ẹlòmíì ní kọ̀ǹpútà ló yà á. Ẹlòmíì ní orí àwọn èèyàn náà ò pé. Mo ka gbogbo ẹ̀, mi ò fèsì, torí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ohun tí èèyàn ń fi àwòrán ẹ̀rín dáhùn.

Fọ́tò náà kì í ṣe ayédèrú. Oṣù Keje ọdún 2003 ni. Ọmọ Kúbà méjìlá ló wà nínú ọkọ̀ náà, orí wọn sì pé. Ẹni tí orí rẹ̀ ò pé kò lè mú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ṣe ní 1951 kó máa rìn lórí omi.

Ẹ mọ̀ pé táyà ni mò ń tà, tuntun àti tòkunbọ̀. Tí ẹ bá gbé táyà àlòkù kan síwájú mi, mo lè sọ irú ọ̀nà tó ti rìn. Èyí tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀ ló wọ́. Èyí tó jẹ láàárín, atẹ́gùn inú ẹ̀ ló pọ̀ jù. Táyà ò lè purọ́. Ọkọ̀ tí àwọn ará Kúbà ń fi pàǹtí ṣe náà rí bẹ́ẹ̀. Tí èèyàn bá wò ó dáadáa, á mọ irú òfin tó wà lóde lọ́dún tí wọ́n ṣe é. Bí òfin ṣe ń yí padà ni ọkọ̀ ń yí padà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lálẹ́ yìí nìyẹn.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Erékùṣù ni Kúbà, omi ló yí i ká. Láti Havana, olú ìlú wọn, dé Key West tó jẹ́ ìpẹ̀kun Florida ní Amẹ́ríkà, bíi máìlì 105 ni, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 170. Láti ibi tí mo jókòó sí yìí dé Zaria kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Tí èèyàn bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, á ní kí ló tún le níbẹ̀.

Ohun tó le ni pé odò kan wà nínú òkun náà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ: odò nínú òkun. Gulf Stream ni wọ́n ń pè é. Omi gbígbóná ni, ó ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn láàárín Kúbà àti Florida, lẹ́yìn náà ó yíjú sí àríwá. Ó lè sáré tó máìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní wákàtí kan. Ìwọ kọjú sí àríwá, ò ń wakọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, òun ń gbé ọ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Tí kò bá sí ẹni tó rí ọ, á gbé ọ kọjá Florida sínú Àtìláńtíìkì, níbi tí kò ti sí etí kankan nítòsí.

Nísinsin yìí, kí ló dé tí èèyàn fi máa wọ irú omi bẹ́ẹ̀? Fidel Castro gba ìjọba ní oṣù Kìíní 1959. Òun àti Amẹ́ríkà di ọ̀tá, Amẹ́ríkà sì dá òwò dúró pẹ̀lú Kúbà pátápátá ní 1962. Soviet Union, ìyẹn Rọ́ṣíà àti àwọn tó so mọ́ ọn nígbà náà, ló wá ń fún wọn ní epo, tó ń ra ṣúgà wọn. Ní 1966, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tó jẹ́ pé ọmọ Kúbà tó bá ti wọlé, lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ó lè gba ìwé ìgbélùú. Ṣùgbọ́n ní Kúbà fúnra rẹ̀ nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ etí òkun lóru, ẹ̀wọ̀n lè gbé e.

Ẹ rí i bí ó ṣe rí? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tì pa, ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu, òkun wà láàárín.

Ní ìparí 1991, Soviet Union tú ká. Epo tán ní Kúbà. Bọ́ọ̀sì dúró, ilé iṣẹ́ dúró, iná ń lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ìjọba kó kẹ̀kẹ́ ológeere wọlé láti Ṣáínà, ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Oúnjẹ tí ìjọba ń pín kò tó nǹkan mọ́. Àwọn fúnra wọn pe àkókò náà ní Àkókò Àkànṣe. Àwa tí a mọ ohun tí àìsí iná ń ṣe fún ọjà, ẹ ò nílò kí n ṣàlàyé jù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àsìkò yìí ni irú ọkọ̀ àkọ́kọ́ pọ̀ sí i. Balsa ni wọ́n ń pè é ní èdè Spanish tí wọ́n ń sọ, balsero sì ni ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Òfin Kúbà ló pinnu bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ yìí ṣe máa rí: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn lè gbé pamọ́. Kí ni èèyàn lè ká kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ọlọ́pàá bá dé tí kò ní fura? Tíúbù táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni. O tú atẹ́gùn inú ẹ̀ dà nù, o ká a bí ẹní. Tó bá di òru, o gbé e dé etí òkun, o fi páǹpù ọwọ́ fún un, o so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, o fi pátákó lé e, o ta aṣọ tàbí àwọ̀n sí abẹ́ ibi tí o máa jókòó. Omi nínú kẹ́ẹ̀gì, ṣúgà díẹ̀, àjẹ̀ tí o fi pátákó gbẹ́. Ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìwọ̀n díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn wà. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ohunkóhun tó bá ṣófo tí omi ò lè wọ̀, iye lítà tó lè gbà ni iye kílò tó lè gbé lórí omi, tí o bá ti yọ ìwúwo òun fúnra rẹ̀ kúrò. Dúrọ́ọ̀mù epo tí gbogbo wa mọ̀, onílítà 200 yẹn, tí ẹnu rẹ̀ bá dí pinpin, ó lè gbé bíi kílò 180. Èèyàn ńlá méjì nìyẹn. Àwọn apẹja Argungu ní Kebbi mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́tipẹ́, ẹ ti rí wọn pẹ̀lú akèrègbè ńlá tí wọ́n ń gbé ara lé nínú odò. Akèrègbè, tíúbù, dúrọ́ọ̀mù, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀: afẹ́fẹ́ tí a tì mọ́lé ló ń gbé èèyàn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ fẹ́ jáde nígbà gbogbo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ fọganáísà. Ibi tí a lẹ̀ lára tíúbù ló kọ́kọ́ máa ń tú tí oòrùn bá pa á. Tíúbù àti ìṣó kì í ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ìṣó ni wọ́n fi kan pátákó tó wà lórí ẹ̀. Omi ń gbọ̀n ọ́n, okùn ń gún un lára, wákàtí lé wákàtí. Ohun tó gbéra pẹ̀lú tíúbù mẹ́ta lálẹ́ lè ku méjì kó tó di ọ̀sán.

Ẹ wá ṣàkíyèsí nǹkan kan: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà yẹn ni kò ní ẹ́ńjìnnì rárá. Kì í ṣe torí pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà náà, tí ẹ̀ṣọ́ òkun Amẹ́ríkà bá rí ọ lójú omi, Florida ni wọ́n ń gbé ọ lọ. Àwọn ọmọ Kúbà tó ti wà ní Miami tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1991, Hermanos al Rescate, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú kékeré wá àwọn èèyàn kiri lórí òkun, tí wọ́n ń ju omi sí wọn, tí wọ́n sì ń pe ẹ̀ṣọ́ òkun. Nítorí náà, ọkọ̀ náà kò ní láti dé èbúté. Ó kàn ní láti léfòó títí ẹnì kan yóò fi rí i. Wọ́n ṣe é fún bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

OHÙN KẸTA

Ẹ má bínú, ìpè kan wọlé. Ó ku 1994.

Ọdún yẹn ni gbogbo ẹ̀ bú gbàmù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, àwọn èèyàn kan gba ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ńlá ní èbúté Havana, wọ́n fẹ́ fi sá lọ. Àwọn ọkọ̀ mìíràn lé wọn, wọ́n ń fi omi gbá wọn, ọkọ̀ náà sì rì. Nǹkan bí ogójì èèyàn ló kú, àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, àwọn èèyàn tú jáde sí Malecón, títì etí òkun Havana, wọ́n ń pariwo lòdì sí ìjọba. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí Castro ti dé. Kò pẹ́ sí i, Castro sọ pé òun ò ní dá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ dúró mọ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni ọkọ̀ yí padà.

Ohun tí wọ́n ń ṣe lóru lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé e jáde sí gbangba. Àárín títì ni wọ́n ti ń kàn án. Ilẹ̀kùn ilé di ìdí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀dì onírin di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì di ìgbòkun. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin, mẹ́fà, fóòmù tó ń léfòó, tápólíìnì, páànù, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì kí omi má bàa wọlé. Aládùúgbò ń bá aládùúgbò dì í. Wọ́n ń gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn mìíràn ń rù ú lórí, wọ́n ń gba àárín ìlú kọjá lọ sí etí òkun ní Cojímar, ìlú apẹja tó wà lápá ìlà-oòrùn Havana, àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, àwọn ìyá ń sunkún. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí iye owó tíúbù ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ohun tí èèyàn ń sọ nù tẹ́lẹ̀ di ọjà gidi.

Ọkọ̀ wá tóbi, torí pé kò sí ìdí láti fi pamọ́ mọ́. Ìdílé odindi ń wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Èyí tó tóbi kò túmọ̀ sí pé ó dára jù o. Àwọn tó ń dì í lóru tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi oṣù pípẹ́ rò ó. Àwọn tó ń dì í ní oṣù Kẹjọ 1994 ń kánjú, torí ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ tí Castro á tún ti ilẹ̀kùn. Àwọn fíìmù kan wà tó yà wọ́n níbi tí wọ́n ti ń kàn án. Èyí tó ń jẹ́ Balseros, tó jáde ní 2002, tẹ̀lé díẹ̀ nínú wọn láti ìgbà tí wọ́n ń di igi pọ̀ títí dé ìgbé ayé wọn ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá a wò.

Láàárín bí oṣù kan, ó ju 30,000 èèyàn tó bọ́ sómi. Ẹ tún gbọ́: ó ju 30,000, lórí tíúbù, lórí dúrọ́ọ̀mù, lórí ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Clinton yí òfin padà. Ó ní ẹni tí wọ́n bá rí lójú òkun kò ní wọ Florida mọ́, Guantánamo ni wọ́n máa kó wọn lọ, bárékè ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó wà lórí ilẹ̀ Kúbà gan-an. Ẹni tó sá kúrò ní Kúbà, wọ́n gbé e padà sí Kúbà, sínú àgọ́ oníwáyà. Síbẹ̀ wọn ò dẹ́kun àtilọ, torí ẹni tó ti ta àga àti tábìlì ilé rẹ̀ láti ra tíúbù, ibo ló fẹ́ padà sí?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ohun kan wà tó kan àwa gan-an.

Ní etí omi èbúté Havana, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Regla. Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Aláwọ̀ Dúdú wà níbẹ̀, òun sì ni alábòójútó èbúté náà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ẹni tó jẹ́ gan-an, wọ́n á ní Yemayá ni. Yemọja tiwa. Àwọn baba ńlá wọn ló gbé e débẹ̀, àwọn tí wọ́n kó nígbà tí ogun tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n tà sí oko ìrèké ní Kúbà. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ sì gbà pé láti ara "olùkù mi" ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Oko ẹrú kò dópin níbẹ̀ títí di 1886.

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ àjọ̀dún Yemayá ní Regla. Ọjọ́ 8 ni ti Caridad del Cobre, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun. Àwòrán rẹ̀ wà ní ilé púpọ̀ ní Kúbà: ó dúró lókè, ọkùnrin mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ kékeré, ìgbì dìde yí wọn ká. Ní 1994, ọjọ́ méjèèjì yẹn bọ́ sí àsìkò ìrìn-àjò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ ló ti bẹ Yemayá kí wọ́n tó ti ọkọ̀ sómi. Mùsùlùmí wà níbí, Krìstẹ́nì wà níbí, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ òrìṣà. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín àwọn tó wà lórí omi yẹn, àwọn kan nínú wọn ń pe orúkọ tí ìyá ìyá yín mọ̀. Òkun náà ni wọ́n fi kó àwọn baba wọn dé pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Òun náà ni àwọn ọmọ ọmọ tún ń fi ọwọ́ ara wọn wá ọ̀nà gbà lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ kejì ọdún Ọ̀ṣun, Amẹ́ríkà àti Kúbà fọwọ́ sí àdéhùn. Amẹ́ríkà ní òun á máa fún ọmọ Kúbà ní físà tí kò ní dín ní 20,000 lọ́dọọdún. Castro ní òun á tún máa dá àwọn èèyàn dúró. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, etí òkun ṣófo.

Ṣé ẹ rí i? Wèrè 30,000 èèyàn kì í lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Òfin ló yí.

OHÙN KẸRIN

Ẹ ń gbọ́ mi? Ó dáa.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1995, wọ́n tún fi tuntun kún un. Amẹ́ríkà gbà láti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó wà ní Guantánamo wọlé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí wọ́n bá mú lójú omi, Kúbà ló ń padà sí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan iyanrìn Florida, ó lè dúró. Wọ́n sọ ọ́ ní òfin ẹsẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ gbígbẹ. Ẹsẹ̀ tútù, padà sílé. Ẹsẹ̀ gbígbẹ, káàbọ̀.

Ẹ fi ojú oníṣòwò wò ó. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá rí ọ, o yè. Nísinsin yìí, tí wọ́n bá rí ọ, o pàdánù. Kí ni ẹni tó ń kan ọkọ̀ máa ṣe? Ó máa wá ẹ́ńjìnnì. Ó máa wá bí ọkọ̀ á ṣe wà nílẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ kí wọ́n má bàa tètè rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ tíúbù ń dínkù, ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì ń pọ̀. Wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì lára ẹ̀rọ tó ń fa omi sí oko, lára mọ́tò Lada ti Rọ́ṣíà, lára ẹ̀rọ tó ń gé koríko. Wọ́n ń tẹ irin kọ́ńkéré ṣe egungun ọkọ̀, wọ́n ń fi páànù bò ó, wọ́n ń fi fóòmù kún àárín. Ìró ẹ́ńjìnnì náà ni àwọn ará Florida fi sọ ọ́ lórúkọ: chug, chug, chug. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn jọ sí ọgbà igi kan ní Key West, àwọn èèyàn ń lọ wò ó títí dòní.

Ibí ni ọkọ̀ akẹ́rù inú fọ́tò yẹn ti wọlé. Chevrolet 1951 ni. Wọ́n so dúrọ́ọ̀mù òfìfo mọ́ abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè léfòó. Ọ̀pá tó máa ń yí táyà ẹ̀yìn, òun ni wọ́n so abẹ̀bẹ̀ ojú omi mọ́. Ẹni tó ń wà á jókòó síbi tó máa ń jókòó sí lójú títì. Bíi máìlì mẹ́jọ ní wákàtí ló ń sá, wọ́n sì ti lọ ju ìdajì ọ̀nà kí ẹ̀ṣọ́ òkun tó rí wọn ní bíi máìlì 40 sí Key West. Ẹsẹ̀ tútù. Wọ́n dá wọn padà sí Kúbà, wọ́n sì ri ọkọ̀ akẹ́rù náà sínú òkun. Ní oṣù Kejì 2004, díẹ̀ nínú wọn tún gbéra, Buick 1959 ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n dí gbogbo ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ kí omi má wọlé. Wọ́n tún mú wọn, wọ́n tún ri ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ìdílé kan nínú wọn gba ilẹ̀ Mexico wọ Amẹ́ríkà ní 2005. Ẹsẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé Elián. Oṣù Kọkànlá 1999, àwọn apẹja rí ọmọ ọdún márùn-ún kan ní ìtòsí Florida, ó wà nínú tíúbù táyà. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n wọ̀ ti dojú dé. Ìyá rẹ̀ kú sómi, àwọn mìíràn kú pẹ̀lú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè méjì fi oṣù méje fa ọmọ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó dá a padà fún bàbá rẹ̀ ní Kúbà ní oṣù Kẹfà 2000. Gbogbo ayé ń jiyàn nípa ìjọba. Èmi, tíúbù yẹn ni mò ń rò. Ẹnì kan lẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Òfin ẹsẹ̀ tútù ẹsẹ̀ gbígbẹ dópin ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2017, Obama ló fòpin sí i. Ọkọ̀ sì dínkù gan-an. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Kúbà tún wó lẹ́yìn àrùn Kòrónà, wọ́n tún padà sómi: láàárín ọdún ìṣúná 2022 nìkan, ẹ̀ṣọ́ òkun Amẹ́ríkà mú ju 6,000 ọmọ Kúbà. Ní oṣù Kìíní 2023, Amẹ́ríkà ṣí ọ̀nà ìwé kan fún wọn láti gba ọkọ̀ òfurufú wá, àwọn tó ń gba orí òkun sì tún dínkù. Ẹ ti mọ orin yẹn báyìí.

OHÙN KARÙN-ÚN

Èyí ló kẹ́yìn, kì í gùn.

Tí ẹ̀ṣọ́ òkun Amẹ́ríkà bá ti kó èèyàn kúrò nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọn ò ráyè jó o tàbí rì í, wọ́n máa ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sí i lára, USCG OK, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kó wọn. Ìdí ẹ̀ ni pé tí ẹlòmíì bá tún rí ọkọ̀ òfìfo náà lójú omi, kó mọ̀ pé àwọn tó wà nínú ẹ̀ ti bọ́.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n rí tí kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Tíúbù mẹ́ta, pátákó, kẹ́ẹ̀gì omi, bàtà ọmọdé bóyá. Kò sí ọ̀dà, kò sí ọjọ́. Òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ka iye àwọn tó kú. Àwọn tó dé, a mọ iye wọn. Àwọn tí wọ́n mú, a mọ iye wọn. Àwọn tí kò dé, ọkọ̀ wọn nìkan ló dé. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, ẹ má gbọ́ ọ bí ẹni pé mo ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n gbé ọkọ̀ léfòó. Kíkí ọkọ̀ léfòó yàtọ̀ sí kí èèyàn dé. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.

Mo ń sọ èyí torí pé ọ̀dọ́ kan nínú gúrúùpù yìí kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Mi ò ní dárúkọ. Ó ní òun ti gbọ́ nípa àwọn tó ń gba Agadez lọ sí Líbíà, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ rọ́bà lọ sí Ítálì, ó ní ṣé tí àwọn ará Kúbà bá fi tíúbù lọ, kí ló dé tí ti Líbíà kò ní ṣe é ṣe.

Ọmọ mi, mo ti fèsì fún ọ, mo tún fẹ́ kí àwọn yòókù gbọ́ ọ. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí o fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ará Kúbà, ẹni tó kan ọkọ̀ náà ló ń wọ̀ ọ́. Ọmọ tirẹ̀ ló ń gbé sórí tíúbù yẹn, nítorí náà ó ń wo ibi tí wọ́n lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkọ̀ rọ́bà Líbíà, ẹni tó ń ta àyè inú ẹ̀ kì í wọ̀ ọ́. Ó ti gba owó rẹ tán kó o tó rí ọkọ̀. Tí ó bá fẹ́ kó èèyàn púpọ̀ sí i, èrè rẹ̀ ni. Tí rọ́bà náà kò bá nípọn, èrè rẹ̀ ni. Oníṣòwò ni mí, mo mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọjà tí ẹni tó ń tà á mọ̀ pé oníbàárà kò ní lè padà wá fẹjọ́ sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tiyín náà wà níbẹ̀. Ìtàn tí mo sọ lálẹ́ yìí, ẹ tún un gbọ́. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti, wọ́n a kan ọkọ̀. Ìgbà tí ọ̀nà bá ṣí, kódà tó bá ṣí díẹ̀, wọ́n a fi ọkọ̀ sílẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí ìwàásù tàbí ẹ̀fẹ̀ dá wọn dúró. Ọmọ tó bá ń sọ fún ọ pé òun fẹ́ lọ, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ilẹ̀kùn wo ló tì mọ́ ọn. Ọmọ iṣẹ́ tó ti sìn ọ́ ọdún mẹ́fà, tí o ò tíì dá sílẹ̀, tí o ò bá a sọ ọjọ́ tí o máa dá a sílẹ̀, ìwọ náà ń ta tíúbù fún un, o kàn ò mọ̀ ni.

Nípa ti ọ̀dọ́ tí mo sọ yẹn, èmi àti àwọn méjì nínú wa ti jókòó sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìfami tó ń lo oòrùn. Ẹni tó bá mọ ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ yẹn, ní Kánò níbí tàbí ní Kàdúná, kó kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Ẹ má kọ ọ́ síbí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè lórí ìtàn Kúbà, kó fi ohùn ránṣẹ́ kó tó di ọ̀la ọ̀sán, kó má ju ìṣẹ́jú méjì. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má pa ọjà síbí lálẹ́ Sátidé. Àyè ọjà wà ní Mọ́ńdè. Sátidé tó ń bọ̀, tí ẹ̀mí bá wà, a ó sọ̀rọ̀ nípa ojú irin, bí ó ṣe dé Kánò àti àwọn ará wa tó bá a wá.

Ẹ sùn re o. Olúwa á ṣọ́ gbogbo ẹni tó wà lọ́nà.